Ìbọn Kejì fún Ọdẹ: Ọta Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọdẹ tó ti ní ìbọn kan, tó wá ń wá èkejì, ìbọn fúnra rẹ̀ ni ojú rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ bà lé. Igi ìdí rẹ̀ ń dán, wọ́n fín ẹyẹ sí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Bó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, ìbọn ọ̀hún á ti wà nínú àpótí, torí pé ọta tó ń jẹ kò sí l'Àkúrẹ́, kò sí l'Oǹdó, ẹni tó sì lè bá a rà á wá láti Èkó ń dá iye tí kò ṣeé gbọ́. Ẹ̀yìn ni irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọta là ń kọ́kọ́ yàn, ìbọn á wá tẹ̀ lé e.

Èyí tí òfin gbà

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́, títí kan èyí tó ní àgbá oníhò tó ń yí. Láìsí àṣẹ Ààrẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní irú rẹ̀. Èkejì ni ìbọn aláàdáni tí ọlọ́pàá ń fúnni níwèé rẹ̀: ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tó ń yin ọta wẹ́wẹ́, ráífù ọdẹ tí ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kò sí lára ti ológun, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń ti ẹnu kì.

Nítorí náà, ẹni tó ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń yan ìbọn ìléwọ́ alágbàá, tí wọ́n sì ń tún ọta wọn kì nílé, kí ó máa wò ó bí à ṣe ń wo bọ́ọ̀lù Yúróòpù. Òfin tiwa kò gba ìbọn yẹn, kò sì gba kí ènìyàn jókòó sílé máa ṣe ọta. Àmọ́ ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ wọn tó bá wa mu. Ẹni tó bá ti kó òfìfo ọta àti irinṣẹ́ jọ fún ìwọ̀n kan máa ń rò ó dáadáa kó tó ra ìbọn tó ń jẹ ìwọ̀n mìíràn, torí owó ìbọn kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọta tí yóò máa jẹ fún ogún ọdún.

Ìbọn tó ń fúnra rẹ̀ ti ọta wọlé, àti pọ́ǹpù tí à ń fi ọwọ́ fà síwá sẹ́yìn, òfin náà yọ méjèèjì kúrò lára ìbọn aláàdáni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "gbogbo ènìyàn ló ń lò ó" tà á fún yín.

Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 níwèé, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ìwé ìbọn tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ kò sì bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹ dé oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Oǹdó l'Àkúrẹ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́ àti bóyá wọ́n ń fúnni níwèé tuntun, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ àsansílẹ̀ fún oníṣòwò kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ọta

Ẹ kọ iye ọta tó wà nílé sínú ìwé, ìwọ̀n wọn, àti nọ́ńbà hóró òjé tó wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ọta wo ló máa ń wà lórí àtẹ rẹ̀ nígbà gbogbo, èwo ló máa ń yára tán, èwo ló jẹ́ pé bó bá tán, òun gan-an kò mọ ìgbà tí òmíràn á dé. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ tún béèrè bákan náà. Ìdáhùn kejì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Níbi púpọ̀, géèjì 12 ni èsì. Ayé àtijọ́ ni orúkọ yẹn ti wá: bí a bá yọ́ òjé tó wọn pọ́n-ùn kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 454, tí a sì fi ṣe bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn á ṣe rẹ́gí nínú ihò ìbọn náà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tó pọ̀ fi jẹ́ ihò tó kéré. Géèjì 12 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 18.5, 16 jẹ́ 16.8, 20 jẹ́ 15.6. Èyí tí wọ́n ń pè ní .410 ni kò sí nínú ẹbí yìí, ínǹṣì ló fi jẹ́ orúkọ; mìlímítà 10.4 ni. Bí ẹ bá rí géèjì 16 àtijọ́ kan tó rẹwà tó sì jẹ́ ọ̀pọ̀, àìsí ọta rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀pọ̀.

Géèjì 20 dára fún ẹni tí èjìká rẹ̀ kò fẹ́ wàhálà, ó fúyẹ́, ó sì tó ọ̀yà pa. Ṣùgbọ́n ilé tí 12 bá ti wà, ẹ má kàn mú 20 wọ̀ ọ́. Ọta 20 tín-ín-rín ju ihò 12 lọ díẹ̀. Bó bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn 12, á yọ̀ gba ilé ọta, ìyẹn ibi tí à ń ti ọta sí ní ìdí bárẹ̀lì, kọjá, etí ìdí rẹ̀ á wá há sí ọ̀fun, níbi tí ihò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ẹni tó bá ṣẹ́ ìbọn, tó tẹ̀ ẹ́ láàárín kí ìdí bárẹ̀lì lè là, tó sì wò ó, á rí i pé ilé ọta ṣófo. Á rò pé òun kò tíì kì í, á ti ọta 12 sí i, á yìn ín. Ọta ẹ̀yìn á lọ kọlu tiwájú, bárẹ̀lì á sì là gan-an níbi tí ọwọ́ òsì ti dì í mú. Torí ìyẹn làwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ọta 20 ní aláwọ̀ yẹ́lò, kó má baà dàpọ̀ mọ́ òmíràn. Àmọ́ lóru, nígbà tí ẹran bá ti ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ta ló ń wo àwọ̀? Ìwọ̀n ọta kan nínú àpò kan, bó bá sì ṣeé ṣe, ìwọ̀n kan nínú ilé kan.

Gígùn ilé ọta tún wà níbẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í bojú wò. Ẹ yí bárẹ̀lì dojú délẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ìdí, ẹ ó rí nǹkan bíi 12-65, 12-70 tàbí 12-76: géèjì ló ṣáájú, gígùn ní mìlímítà ló tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n fi ínǹṣì kọ á ní 2½, 2¾ tàbí 3. Gígùn ọta lẹ́yìn tí wọ́n ti yìn ín, tí ẹnu rẹ̀ ti là, ni nọ́ńbà yẹn. Ẹ̀tàn ibẹ̀ nìyí: ọta 76 tí ẹnikẹ́ni kò tíì yìn, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ká wọlé, lè wọ ilé 70 wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbọn á sì pa dé láìjanpata. Bó bá yìn ni ẹnu rẹ̀ á là bọ́ sínú ọ̀fun, á dí ọ̀nà mọ́ òjé, agbára inú rẹ̀ á wá ga ju èyí tí wọ́n dán irin náà wò fún. Ọta kúkúrú nínú ilé gígùn, kò sí wàhálà. Ọta gígùn nínú ilé kúkúrú, ẹ má dán an wò.

Èrò tiwa: ìbọn 12-70 ni kí ọdẹ agbègbè yìí rà. Èyí tó jẹ́ 65 kò ní rí ọta jẹ dáadáa, 76 sì ń gbani léjìká fún agbára tí ẹran inú igbó wa kò bèèrè.

Nọ́ńbà hóró náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni hóró ń kéré, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ilẹ̀ kan kì í bá ti ilẹ̀ kejì mu. Nọ́ńbà 5 ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 2.8, ti Amẹ́ríkà lé díẹ̀ ní 3. Nítorí náà ẹ ka mìlímítà tó wà lára páálí. Ní ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, ọta gíráàmù 32 tó jẹ́ nọ́ńbà 6 (mìlímítà 2.6) ní hóró bí 300 nínú, ó sì dára fún àparò àti awó. Nọ́ńbà 5 jẹ́ ti ehoro àti òkété. Nọ́ńbà 4 (3.1) ní hóró bí 190, ọ̀yà ló tọ́ sí. Hóró ńlá tí wọ́n ń pè ní BB (4.1) kò ju 80 lọ, ẹtu ni ká fi pa. SG, tó tún tóbi jù ú lọ (8.4), kò ju hóró 9 lọ, ìgalà àti túùkù nìkan ni.

Àwọn kan ń lo SG fún gbogbo ẹran, wọ́n ní ó "le". Hóró mẹ́sàn-án tó fọ́nká á fi ọ̀yà sí àárín, wọ́n á sì kọjá lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣì lè ba ènìyàn jẹ́ lókèèrè níbi tí tọ́ọ̀ṣì orí yín kò dé, bẹ́ẹ̀ oko kòkó kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn kì í sí lóru.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ẹsẹ̀ wọn igbó yín

Ẹ padà sí ibi márùn-ún tí ẹ ti pa ẹran kẹ́yìn, ẹ dúró síbi tí ẹ ti yìnbọn, ẹ ka ìṣísẹ̀ dé ibi tí ẹran ṣubú sí. Ìṣísẹ̀ ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Ẹnu máa ń sọ 50, ẹsẹ̀ á sì rí 18.

Ní oko kòkó Ìdànrè, nínú ìgbòrò, tàbí ní apá Igbó Olúwa, ewé kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ẹran kọjá ìṣísẹ̀ 20. Bí a bá gba Ọ̀wọ̀ lọ sí Àkókó, ilẹ̀ ń là, koríko ń gba ipò igi, ìṣísẹ̀ 30 sí 35 sì lè wáyé. Ohun tí ìyàtọ̀ yìí ń yàn fún yín ni ẹnu ìbọn.

Bárẹ̀lì kì í fẹ̀ bákan náà láti ìdí dé ẹnu. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n máa ń fún un díẹ̀ lẹ́nu, kí òjé lè jáde ní ìdìpọ̀. Ìfúnpọ̀ yìí ni àwọn oníṣòwò ń pè ní choke. Ẹnu tó há pátápátá fi nǹkan bíi mìlímítà 1 kéré sí ihò inú, èyí tó há dé ìdajì fi ìdajì mìlímítà kéré, ẹnu gbalasa kò há rárá. Ní nǹkan bíi mítà 18, òjé tó ti ẹnu híhá jáde á bo ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40; ti ẹnu gbalasa á bo 80. Ọdẹ Ìdànrè tó bá ra ẹnu híhá á máa tàsé, torí ìdìpọ̀ òjé rẹ̀ kò ju àtẹ kékeré lọ, tàbí kó ba ẹran náà dé ibi tí kò ti ní ṣeé tà. Ọdẹ Àkókó tó bá ra ẹnu gbalasa á máa ṣe ẹran léṣe, ẹran á sì máa gbé ọgbẹ́ sá lọ.

Fún igbó dídí: ẹnu kan gbalasa, èkejì há ní ìdá mẹ́rin. Fún ilẹ̀ tó là: ọ̀kan há ní ìdá mẹ́rin, èkejì há dé ìdajì. Ẹnu híhá pátápátá kò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ kankan níbí, ṣùgbọ́n òun gan-an ló pọ̀ jù lórí ìbọn ẹlẹ́nu kan àlòkù, ẹ ṣọ́ra.

Ìbọn tó ti gbé ẹnu híhá wá, ẹ má gbé e fún alágbẹ̀dẹ pé kó fi ayùn gé ẹnu rẹ̀. Òfin sọ ibi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ gé ìbọn kúrú dé, yàtọ̀ sí pé ẹnu tí ayùn ilé bá gé kì í gún régé mọ́.

Nípa igbó ọba, irú bí ti Àkúrẹ́-Òfosù: ìwé ìbọn kì í ṣe ìwé àṣẹ láti wọ ibẹ̀ ṣọdẹ. Akika pẹ̀lú, òfin ti dáàbò bò ó, bí ìbọn yín ti wù kó dára tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì

Bí ìbọn àkọ́kọ́ bá jẹ́ ẹlẹ́nu kan, kí èkejì jẹ́ ẹlẹ́nu méjì. Ká ra ẹlẹ́nu kan kún ẹlẹ́nu kan kò sọ ọdẹ di ohun tí kò jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Nínú ẹlẹ́nu méjì, àwọn kan tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn kan gbé ọ̀kan gun èkejì. Àgbégùn máa ń rọrùn láti fi wo ẹran, ṣùgbọ́n ó ní láti ṣẹ́ jìn kí ọta ìsàlẹ̀ tó lè jáde, èyí sì ń dínà fún ẹni tó jókòó lórí ẹ̀gùn orí igi. Alẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ díẹ̀, ó fúyẹ́, ó sì wà lára àlòkù ju ìyókù lọ. Alẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ní tírígà méjì ni ká yàn fún igbó wa, nítorí tírígà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu tirẹ̀: tiwájú sábà máa ń yin ẹnu tó fẹ̀, tẹ̀yìn a yin èyí tó há. Bí ẹran bá ta nítòsí, iwájú. Bó bá ti jìnnà, ẹ̀yìn. Bí tírígà kan bá sì kọṣẹ́, èkejì ṣì wà.

Ìbọn kan ń ta òfìfo ọta dànù fúnra rẹ̀, òmíràn kàn ń gbé e sókè kí ẹ fi ọwọ́ yọ ọ́. Èyí tí à ń fi ọwọ́ yọ sàn: kò pariwo, kò ní irin kékeré tó ń bàjẹ́, kò sì ní da ike sílẹ̀ nínú oko olóko.

Ìwọ̀n ara rẹ̀: kílò 3 sí 3.3 fún géèjì 12 ẹlẹ́nu méjì. Ẹlẹ́nu kan tó jẹ́ kílò 2.5 ń dùn ún gbé rìn láti Ìjàrẹ́ wọ oko, àmọ́ bó bá yìn, gbogbo ohun tó fi fúyẹ́ ni yóò gbà lára èjìká. Bárẹ̀lì sẹ̀ǹtímítà 66 sí 71 ló tó. Èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn inú ìgbòrò á máa dè é mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ó ha bá ara yín mu?

Ẹ wọ aṣọ tí ẹ fi ń ṣọdẹ. Ẹ ká apá ọ̀tún ní ìgbọ̀nwọ́, ẹ gbé ìdí ìbọn tó ṣófo sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, ẹ na ìka. Oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìfábẹ̀là yẹ kó kan tírígà. Lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, èyí máa ń jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36 sí 37 láti tírígà dé àárín ìdí igi. Bí ìdí bá gùn jù, á máa kọ́ aṣọ lábẹ́ apá. Bó bá kúrú jù, àtàǹpàkò yín á gbá yín nímú.

Ẹ di ojú, ẹ gbé ìbọn sí èjìká bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ẹ wá la ojú. Bí ojú yín kò bá bọ́ sí orí irin tààrà, tó jẹ́ ìdí irin nìkan lẹ ń rí, tàbí tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ ń wò, ìbọn yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ó ṣe é, kó má baà jẹ́ pé ọrùn yín ló ń lọ bá ìbọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àyẹ̀wò àlòkù

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Àlòkù ni ọ̀pọ̀ ìbọn tó wà níta, ẹni tó ń tà á sì mọ ibi tó ti ń dùn ún. Lọ́sàn-án ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú àkísà funfun, bébà kan, òṣùwọ̀n tó ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹrù, àti tọ́ọ̀ṣì kékeré.

1. Ẹ ṣẹ́ ìbọn, ẹ fi ìka kan inú ilé ọta méjèèjì. Ojú nìkan kò tó.

2. Ẹ yọ igi tó wà lábẹ́ bárẹ̀lì, ẹ pa ìbọn dé, ẹ di ìdí mú lọ́wọ́ kan, bárẹ̀lì lọ́wọ́ kejì, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá. Igi ìsàlẹ̀ yẹn ní sípíríǹgì tó ń fún bárẹ̀lì mọ́ra, ó sì lè bo ibi tó ti jẹ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń ní "ẹ má wulẹ̀ tú u". Lẹ́yìn náà ẹ ti bébà sí àárín bárẹ̀lì àti irin ẹ̀yìn. Bó bá wọlé, ìbọn ti jẹ. Iná ẹ̀tù á máa gba ibẹ̀ yọ sí ojú yín.

3. Ẹ yọ bárẹ̀lì kúrò pátápátá, ẹ fi ìka kan gbé e kọ́ níbi irin ìkọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi èékánná ta á. Tó bá dún gooro bí agogo, ó dára. Tó bá dún kù bí ìkòkò tó ti sán, irin pẹlẹbẹ tó so ẹnu méjèèjì pọ̀ ti ń tú. Omi òjò á wọ abẹ́ rẹ̀, á máa jẹ bárẹ̀lì láti ibi tí ẹ kò lè rí.

4. Ẹ fi àkísà nu inú rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó wò ó. Òróró púpọ̀ nínú bárẹ̀lì àlòkù kì í ṣe ìmọ́tótó, aṣọ ìbòjú ni. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ojú sánmà, kì í ṣe sí oòrùn, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á ṣe òrùka òrùka, ọ̀kan nínú ọ̀kan. Níbi tí òrùka bá ti wọ́, tàbí tí òjìji kan bá yí i ká bí ìgbànú, bárẹ̀lì ti wú níbẹ̀: ẹnì kan ti yìn ín nígbà tí ẹrẹ̀ tàbí ewé dí i lẹ́nu. Ẹ fi ọwọ́ pa ìta rẹ̀ níbi kan náà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ojúkòtò ìpatà lẹ́bàá ẹnu kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Lẹ́bàá ilé ọta, ẹ fi sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni agbára ti ń ga jù.

5. Bí ara bárẹ̀lì bá ní bátànì bí ẹní tí wọ́n hun, ìbọn àtijọ́ ni, tí wọ́n fi ọ̀já irin àti sítíìlì lọ́ pọ̀. Àkókò ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ rà á bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹ má fi ọta òde òní sí i.

6. Bí ẹ bá rí ojú jíjó iná wẹ́dà, tàbí bíráàsì tí wọ́n yọ́ sí ara bárẹ̀lì, ó parí. Ènìyàn lè ti bọ Ògún lóṣù tó kọjá. Bárẹ̀lì tí wẹ́dà ti yan lórí iná kò sí nínú ohun tí Ògún bá a dá májẹ̀mú lé.

7. Ẹ ní kí ó fi òfìfo ọta tí ìbọn yẹn ti yìn hàn yín, ẹnu kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹ wo kápù ìdí rẹ̀, ibi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti ń gún un. Ojú abẹ́rẹ́ tó wà láàárín gan-an, tó jìn, tó róbótó, dára. Tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí ìbọn ti ń ṣẹ́ ti jẹ. Tí kò bá jìn, sípíríǹgì ti rẹ̀, á sì máa kọ̀ láti yìn nígbà òjò. Tó bá lu kápù já, abẹ́rẹ́ ti mú jù, iná á máa padà sẹ́yìn. Bí kò bá ní òfìfo ọta kankan láti fi hàn, ìbéèrè míì lèyí ti jẹ́.

8. Ìbọn ṣófo, ẹ fi ìkọ́ òṣùwọ̀n fa tírígà. Kílò 1.6 sí 2 dára. Èyí tí kò bá tó 1.3, ẹnì kan ti fi fáìlì pa á, èékánná lásán lè yìn ín. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sípò, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀ gidigidi, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Òòlù inú kò gbọdọ̀ ṣubú. Ẹ tún ṣe é pẹ̀lú ìdènà rẹ̀ ní títì, kí ẹ sì fa tírígà.

9. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí igi ìdí ti pàdé irin. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, kódà tí wọ́n bá ti fi gúlúù àti fáníìṣì pa á, á tún là.

10. Nọ́ńbà tó wà lára bárẹ̀lì, irin ẹ̀yìn àti igi ìsàlẹ̀ yẹ kó jẹ́ ọ̀kan náà, kó sì bá ìwé ẹni tó ń tà á mu. Nọ́ńbà tí wọ́n ti ha kúrò, ẹ dìde níbẹ̀ láìjókòó mọ́. Ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kẹ́sẹjárí, owó kò tíì gbọdọ̀ yí ọwọ́ padà. Ìbọn kì í ti ọwọ́ ọdẹ kan bọ́ sí tèkejì bí ọ̀kadà. Ọlọ́pàá ní láti fọwọ́ sí i, kí orúkọ yín sì wà lórí ìwé, kí ìbọn tó wọ ilé yín. Ọdọọdún ni ẹ ó sì máa tún ìwé náà ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú bébà

Lẹ́yìn tí ìwé bá pé, ẹ lọ sí oko, níbi tí òkè iyẹ̀pẹ̀ gíga wà lẹ́yìn ibi tí ẹ ó yìn sí. Ẹ lẹ bébà ńlá, mítà kan lójú méjèèjì ó kéré tán, mọ́ pákó. Ẹ dúró síbi tí ìṣísẹ̀ yín sọ ní ìgbésẹ̀ kejì, kì í ṣe síbi tí ẹnu yín sọ. Ọta kan sí bébà kan, mẹ́ta fún ẹnu kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá gé páálí róbótó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, ìyẹn bí orí àti àyà ọ̀yà ṣe tóbi mọ. Ẹ máa gbé e káàkiri àárín ibi tí òjé bà. Níbi tí ẹ bá gbé e sí tí kò bo ojú òjé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹran lè gba ibẹ̀ lọ. Bí irú ihò bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, ẹ má tíì bínú sí ìbọn: ẹ pààrọ̀ ọta, ẹ mú nọ́ńbà tí hóró rẹ̀ kéré sí i, tàbí ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ tún un ṣe. Ìbọn méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe lè fẹ́ràn ọta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìdìpọ̀ òjé bá ń lọ sósì tàbí sókè nígbà gbogbo, ìgbésẹ̀ kẹrin ni ẹ fi eré ṣe.

Èyí tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ọta báyìí, ẹnu báyìí, ìṣísẹ̀ báyìí.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn

Oòrùn kọ́ ni ọ̀tá ìbọn ní ìpínlẹ̀ wa, ọ̀rinrin ni, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Ẹ má fi ìbọn pamọ́ sínú àpò aṣọ tàbí awọ. Ó ń fa omi mu, ó sì ń dá a sí ara irin. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló dára. Epo pupa àti àdín máa ń dì, wọ́n á sì lẹ abẹ́rẹ́ mọ́ ihò rẹ̀. Bí òjò bá pa yín dé, ẹ nù ún lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ tún wò ó lọ́jọ́ kejì, torí bárẹ̀lì máa ń làágùn lẹ́yìn tí ẹ ti rò pé ó gbẹ.

Ìbọn lọ́tọ̀, ọta lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn yín. Ọta ń fẹ́ agolo tó dé pa, níbi gbígbẹ tí kò gbóná. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá ti ní ìpatà, tàbí tí ike rẹ̀ bá ti wú tí kò wọ ilé ọta wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má tú u láti fi ẹ̀tù inú rẹ̀ kì òmíràn. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ dá a padà fún oníṣòwò tó tà á.